Jíjọ Jẹun Kò Tíì Tó

Àwa Yorùbá a máa yangàn pé ẹ̀sìn kò pín wa níyà. Ìmàle a bu ẹran Iléyá fún Onígbàgbọ́. Onígbàgbọ́ a gbé ìrẹsì Kérésìmesì ránṣẹ́ sí Ìmàle. Èyí dára púpọ̀; ṣùgbọ́n àwọn tí ó jọ ń jẹun lè má tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ Ọlọ́run rí.

Ní Libreville, olú-ìlú Gabon, ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi yékéyéké. Láti 1844 ni Ìjọ Páàdì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, Onígbàgbọ́ sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, ní 1973, Ààrẹ wọn, Bongo, di Ìmàle, ó sì gba orúkọ Omar. Òun náà ni ó gba Póòpù John Paul Kejì lálejò ní 1982. Púpọ̀ nínú àwọn Ìmàle ibẹ̀ jẹ́ àlejò láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Ànàgó, ìbátan wa láti ilẹ̀ Benin, wà nínú wọn.

Ilé Ànàgó kan ni mo wọ̀ sí nígbà àwẹ̀ Ràmàdáánì. Ìmàle ni baálé, ọmọ Ìjọ Páàdì ni ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣínu, ìyàwó béèrè pé, “Olówó orí mi, nígbà tí ẹ bá forí kanlẹ̀, kí ni ẹ máa ń bá Ọlọ́run sọ?”

Ọkọ ronú títí. “Mo ń sọ pé èmi kọ́ ni mo ni ara mi.”

Ìyàwó ní, “Ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kú fún mi ni mò ń sọ ọ́ fún.”

Ọkọ kò gbà; ìyàwó kò sì yí ohùn padà. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ dìde láti kírun, ìyàwó ni ó tẹ́ ẹní fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé. Ní Ìwó, ní 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fàyè gba híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ ìjọ wá sí kíláàsì. Ẹ̀tọ́ ni gbogbo ẹnu ń sọ; n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi ọmọ kan léèrè ohun tí aṣọ náà jẹ́ sí ọkàn rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, mo máa ń rí ọmọ Ìmàle àti ọmọ Onígbàgbọ́ lórí àga kan. Bí àkókò ẹ̀kọ́ ìsìn bá tó, a ó pín wọn sí yàrá méjì. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí wọ́n bá padà, ẹ jẹ́ kí èkíní bi èkejì pé, “Kí ni o kọ́?” kí a sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ láìbú u. Kì í ṣe kí ọmọ lè fi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ sílẹ̀, bí kò ṣe kí ó lè mọ ẹni tí òun ń bá jẹun.