Ìgbà tí Omi bá Hó Kọ́ là ń Lọ Wa Iṣu

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, tí mo ń là á yé wọn, tí mo sì ń fún wọn ní máàkì lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé kan ni ó fi ìlò rẹ̀ hàn mí, ẹ̀kọ́ náà kò sì rọ̀ mí lọ́rùn.

Èjìgbò ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìlú yìí àti àwọn ìletò tí ó yí i ká yóò mọ̀ pé ọ̀nà Abidjan kò jìn lójú wa. Láti ayé àwọn baba wa ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń rán àwọn ọmọ náà wálé. Ìdí nìyí tí èdè Faransé kì í fi í ṣe àjèjì ní ọjà wa.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin tí mo ń wí yìí. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ni ó ń gbé. Faransé dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Eré ni Ìṣirò àti Físíìsì jẹ́ lójú rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún àṣekágbá rẹ̀, ó tọ̀ mí wá, nítorí pé èmi ni olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìmọ̀ bí a ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ni mo fẹ́ lọ kọ́. Kí ni kí n ṣe?'

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Ṣe sùúrù, ọmọ mi. Jẹ́ kí á ṣọdún tán ná.'

Nígbà tí ọdún yí tán, fọ́ọ̀mù JAMB dé. Ó bi mí léèrè ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí òun yóò mú. N kò wo ìwé ìlànà àjọ náà rárá. Ọgbọ́n orí mi ni mo lò. Mo ní kí ó mú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Jọ́gíráfì, nítorí mo rò pé ẹni tí yóò bá òfuurufú ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ìṣesí ojú ọjọ́. Ọmọ náà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Máàkì rẹ̀ ga ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò rí ibì kan wọ̀. Kẹ́mísìrì ni wọ́n ń béèrè, Jọ́gíráfì ni ó gbé lọ́wọ́. Báyìí ni odidi ọdún kan ṣe ṣòfò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbà rẹ̀ wá sí ilé mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí èébú. Wọ́n jókòó, wọ́n ní:

'Tíṣà, ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìlú Ògìyán la wà, òrìṣà tí iyán jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gúnyán ọdún, ṣé ìgbà tí omi bá hó ni í ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wa iṣu lóko?'

'Ó tì o, ìyá.'

Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dìde, wọ́n ní ó dàárọ̀. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n bú mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀. Mo rí i pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì ni yóò mú nínú ìdánwò JAMB. Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ òfuurufú ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú ní Kàdúná, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara, àti ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ibẹ̀ nìkan kọ́ ni a lè gbà wọlé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹkáníìkà tàbí ti iná mànàmáná lè tẹ̀ síwájú lẹ́yìn náà. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni ibùdó ẹ̀kọ́ nípa gbalasa òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Surrey ni wọ́n to sátẹ́láìtì NigeriaSat-X pọ̀, èyí tí a fi ránṣẹ́ sókè ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Ní ọdún 2017, EduSat-1 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí ní Jàpáànù gòkè lọ. Ọmọ ènìyàn bí tiwa ni gbogbo wọn.

Ti òkè òkun wá ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, MIT àti Princeton kì í wo bóyá baba ọmọ lówó kí wọ́n tó gbà á, kódà bí ọmọ náà jẹ́ àjèjì. Wọ́n sì máa ń dí ohun tí agbára òbí kò ká. Díẹ̀ ni wọ́n ń mú nínú ọ̀pọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ni ilẹ̀kùn wọn ń tì. Nígbà tí mo ní kí á ṣọdún tán, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í mọ́ ọmọ náà sóde. Ó sì yẹ kí ọmọ mọ̀ pé òfin ilẹ̀ náà kò jẹ́ kí àjèjì ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ohun ìjà láìgba àṣẹ pàtàkì. Ní Faransé, ìlú Toulouse ni Airbus fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ náà ni SUPAERO wà, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1909, tí ó kó lọ sí Toulouse ní ọdún 1968. Ta ni ọ̀nà ibẹ̀ ìbá yá fún ju ọmọ Èjìgbò tí ó ti mu Faransé mọ́ ọmú lọ?

Ní ọdún kejì, oṣù Kẹsàn-án ni èmi àti ọmọ náà jókòó. A kọ ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ fọ́ọ̀mù àti iye owó sórí ìwé kan, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó mú Kẹ́mísìrì. Ó wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹkáníìkà, ó sì ti ń bi mí nípa Toulouse. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó ṣòfò kò padà. Gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn mi.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ṣe fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ẹ sọ pé ẹ ó wò ó, kí ẹ sì wò ó lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ fi ojú ara yín ka ìwé ìlànà. Àgbà pàápàá máa ń ṣì í sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, ìyá àgbà fi iṣu mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ kankan tì í. Mo mọ ìtumọ̀ àrokò náà.