Gómìnà Tí Ó Fi Owó Oṣù Rẹ̀ Jà

Bí ẹnikẹ́ni bá wí létí mi pé kò sí olóṣèlú tí í ná owó ara rẹ̀ nítorí ẹlòmíràn, Edward Coles ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo fi ń dá a lóhùn.

Ọmọ olówó ni Coles ní Virginia. Ọdún 1786 ni a bí i. Ó jogún ẹrú nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1808, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ti yí i lọ́kàn padà. Ó ṣe akọ̀wé fún Ààrẹ Madison. Ní 1814 ó kọ̀wé bẹ Jefferson pé kí ó ṣíwájú àwọn tí yóò dá ẹrú sílẹ̀. Jefferson fèsì pé òun ti darúgbó, iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni. Ẹ gbọ́ o, ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé òmìnira pé ọgbọọgba ni a dá ènìyàn!

Ní 1819 Coles kó àwọn ẹrú rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n forí lé Illinois. Lórí odò Ohio ni ó ti wí fún wọn pé wọ́n ti di òmìnira. Wọn kò lè fọhùn. Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbà wọ́n. Ó fún olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ ẹ́kà 160. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ni mo ń yìn lára ẹni tí ó fi ọdún 11 jẹ òógùn wọn kí ó tó dá wọn sílẹ̀? Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó tilẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1822 àwọn mẹ́rin jọ du ipò gómìnà Illinois. Ìbò 2,854 ni Coles ní, 167 péré ni ó fi ju ẹni kejì lọ. Bí ó ti gorí àga ni ó ní kí a dá ẹrú tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀ sílẹ̀. Inú bí àwọn aṣòfin. Wọ́n fẹ́ pe àpérò tí yóò tún òfin kọ, kí Illinois lè di ilẹ̀ ẹrú. Ìbò kan dín. Wọ́n bá yọ aṣòfin kan, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìrẹ́jẹ gbáà! Ó wá ku ọwọ́ ará ìlú. Coles fi gbogbo owó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin sílẹ̀ fún ìjà náà. Ní August 1824, ènìyàn 6,640 ní àwọn kò fẹ́ àpérò, 4,972 ní àwọn fẹ́.

Ní 1831 ó du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, ó fìdí rẹmi. Philadelphia ni ó kú sí ní 1868, lẹ́yìn tí òfin ti fòpin sí oko ẹrú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ti kú sójú ogun ní 1862. Ẹ̀yìn àwọn tí ń jà kí ẹrú má tán ni ó wà.