Ojú ń rí i, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́: Ọ̀nà etí òkun tí wọ́n fi ń sáré ní Cape Town

Àwọn àgbà ní àgbàlagbà kì í sáré lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé Cape Town, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, lówùúrọ̀ kùtù, yóò rí àgbà tó ń sáré tẹ́nìkan ò lé. Bàbá ń sáré, ìyá ń sáré, ọmọ ń tẹ̀ lé wọn. Ìlera ni wọ́n ń lé o! Àlejò tó bá gbé bàtà ìsáré dání náà kì í dúró sílé.

Sea Point ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ níbi ilé iná ọkọ̀ òkun tó wà ní Green Point, èyí tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun, tí wọ́n ti ń tan iná rẹ̀ láti ọdún 1824. Ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí mọ́tò lójú ọ̀nà náà. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òkè wà lọ́wọ́ òsì. Bí ìgbì bá kọ lu àpáta, omi á ta sókè, á sì fọ́n sí èèyàn lára. Ẹni tí kò sáré rí gan-an lè gbìyànjú ibẹ̀.

Chapman's Peak ní tiẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ọ̀lẹ. Láti Hout Bay ni wọ́n ti ń gùn ún lọ sí Noordhoek. Kìlómítà 9 péré ni, àmọ́ kọ́nà 114 ló wà níbẹ̀! Ara àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí láàárín ọdún 1915 sí 1922, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Òkúta ń já bọ́ níbẹ̀ débi pé wọ́n tì í pa lọ́dún 2000, ó di 2003 kí wọ́n tó ṣí i padà. Ẹni tó bá sáré dé òkè tó bojú wo ìsàlẹ̀, àyà rẹ̀ á já, ojú rẹ̀ á sì gbádùn. Bó bá padà sí Hout Bay, èbúté apẹja wà níbẹ̀, kó ra ẹja jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹwà yìí kì í ṣe ti gbogbo èèyàn nígbà kan. Òfin ọdún 1953 fàyè gba ìjọba láti ya etí òkun sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Obìnrin dúdú lè fọ aṣọ òyìnbó ní Sea Point, kó tọ́ ọmọ rẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ bá wọn wẹ̀ lódò. Láti ibẹ̀ náà lèèyàn ti ń rí erékùṣù Robben Island lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí Nelson Mandela ti lo ọdún 18 nínú ọdún 27 tó fi ṣẹ̀wọ̀n.

Eré ìje ńlá tí wọ́n ń pè ní Two Oceans, tó jẹ́ kìlómítà 56, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970. Èèyàn 26 ló sá a. Kò sí èèyàn dúdú níbẹ̀, kò sì sí obìnrin. Ọdún 1975 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1976? Gabashane Vincent Rakabaele, ọmọ Lesotho, èèyàn dúdú, ló gba ipò kìíní! Ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n gbà wọ́n láyè ni o. Lọ́dún 1990 ni wọ́n fagi lé òfin etí òkun yẹn.

Àlejò tó bá fẹ́ sáré níbẹ̀ lónìí, kó má dá nìkan lọ, kó sì jẹ́ kílẹ̀ mọ́ dáadáa. Kó má gbé fóònù sọ́wọ́ káàkiri, olè wà ní Cape Town bó ṣe wà níbi gbogbo. Lójú títì, kó kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ooru wọn, láti oṣù kọkànlá lọ, atẹ́gùn ibẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èèyàn ṣubú. Kó mú omi dání.

Nígbà kan, òfin ló ń lé èèyàn dúdú kúrò létí òkun yẹn. Lónìí, àwọn náà wà níbẹ̀ láràárọ̀ tí wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tẹ́nìkan ò sì lé wọn mọ́.