Bọ́tìnnì Tí N Kò Tẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ìsinmi tó kọjá, mo ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà ilé wa, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí sì tó yé mi.

Onífọ́tò ni bàbá mi ní Òṣogbo. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti yà láti ọdún 2009 wà nínú àpótí kékeré kan tí wáyà so mọ́ ráútà. NAS ni wọ́n ń pe irú àpótí bẹ́ẹ̀. Háàdì díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀; ohun tó bá wọ ọ̀kan ló ń wọ èkejì, gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé ló sì lè ṣí i. Fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Ti ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, náà wà níbẹ̀. Ní Iléyá ọdọọdún, bàbá mi a ní kí ìyá àgbà jókòó sórí àga kan náà, wọn a sì ya fọ́tò wọn. Mọ́kànlá ni fọ́tò náà. Ìyá àgbà kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, kò sì sí ìkejìlá.

Mo rí i pé firmware àpótí náà ti pẹ́. Firmware ni ètò tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ láti sọ fún un bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Ráútà ní in, tẹlifíṣọ̀n náà ní in. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ a máa gbé tuntun jáde kí wọ́n lè dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Mo gba tuntun sílẹ̀, mo sì rí i dájú pé ínfátà ti kún, torí pé bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń gba firmware, ó lè má dìde mọ́. Ó parí láìsí wàhálà. Inú mi dùn.

Nígbà tó di ọ̀sán, bàbá mi pè mí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò kò rí àpótí náà mọ́. Windows XP ló wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn, torí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò wọn kò bá òmíràn ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tó wá gba fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ti jókòó, ó ń wo aago.

“Kí lo ṣe sí i?”

“Mi ò ṣe nǹkan kan, sà.”

Irọ́ ni mo pa.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pinnu láti dá firmware àtijọ́ padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àpótí náà kọ̀; ó ní èyí tí mo mú wá ti pẹ́ ju èyí tó wà lára òun lọ. Mo bá ti abẹ́rẹ́ bọ ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì inú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń tàn án, mo sì fi tipátipá gbé ti àtijọ́ wọlé. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i wò, kò sí fódà kankan. Ó ní òun rí díìsìkì méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣètò, ó bi mí bóyá kí òun ṣètò wọn, ó sì kìlọ̀ pé ohunkóhun tó bá wà nínú wọn yóò parẹ́.

Ọwọ́ mi ti wà lórí “Bẹ́ẹ̀ ni.” Mo ń rò ó pé bóyá àwọn fódà máa jáde lẹ́yìn náà. Àga ìyá àgbà ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo fa díìsìkì méjèèjì yọ, mo kọ 1 àti 2 sí wọn lára kí n má baà ṣì wọ́n gbé padà. Mo wá lọ kan ilẹ̀kùn bàbá mi.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, “Ṣé o tẹ̀ ẹ́?” Mo ní, “Rárá, sà.” Wọ́n mí kanlẹ̀.

Wọ́n ní, “Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo ṣèèṣì ṣí fíìmù nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀gá mi bà mí, mo yára dá a padà sínú òkùnkùn. Ó ti jóná náà ni. Ká ní o sọ fún mi lọ́sàn-án ni, à bá ti jọ wò ó.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a jọ ka àlàyé tó bá firmware tuntun wá, èyí tí mo fò kọjá. Ohun méjì tó ṣe pàtàkì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni pé ó ti SMB1 pa. SMB1 jẹ́ èdè àtijọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì, òun nìkan sì ni Windows XP gbọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry gba ihò inú SMB1 wọlé káàkiri ayé, ó ń ti fáìlì pa, ó ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó dé àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èkejì ni pé firmware tuntun ti yí bí ó ṣe ń kọ nǹkan sórí díìsìkì padà. Díìsìkì wa kò ṣófo. Firmware àtijọ́ ni kò lè ka ohun tí tuntun kọ.

A gbé tuntun padà nígbà tí díìsìkì ṣì wà níta. A wá ti 1 àti 2 bọ àyè wọn, a tan án, a sì dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, gbogbo fódà yọ. Fọ́tò mọ́kànlá náà pé.

A kò ṣí SMB1 padà. A yọ kọ̀ǹpútà Windows XP kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fúláàṣì la fi ń gbé fọ́tò lọ sórí rẹ̀ báyìí. A sì ra díìsìkì kẹta, ilé àǹtí mi la gbé e sí, torí pé bí olè bá gbé àpótí kan lọ tàbí tí ọmọ kan bá tẹ bọ́tìnnì tí kò yẹ, díìsìkì méjì inú rẹ̀ yóò jọ lọ ni.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rò pé ẹ̀yìn ni mò ń wò. Àṣé mò ń sá padà sẹ́yìn ni. Ẹni tó wo ẹ̀yìn ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Ẹni tó ń sá padà kò fẹ́ kí wọ́n rí i nílẹ̀ ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́ nílé, ẹ sọ ọ́ lọ́sàn-án, ẹ má jẹ́ kó di òru.