Ohun Tí Aró Fi Hàn Mí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ba ìda jẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí mo wá kọ́ ní yàrá ìwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni bí a ti ń gé kókó jẹjẹrẹ pankiríàsì eku, tí a ń rẹ ẹ́ láró, tí a sì ń wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Wọ́n á ti rì í sínú ìda kó lè le. Èmi á gbé e sórí yìnyín, n óò fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 4 nínú ìdá 1,000 mìlímítà, n óò tẹ́ ẹ sójú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè nà, kí n tó fi gíláàsì gbé e. Bí ìda bá ti rọ̀ jù, ó hunjọ nìyẹn.

Kì í ṣe pé wọ́n gún jẹjẹrẹ sábẹ́ awọ àwọn eku náà. Irú tí wọ́n ń pè ní KPC ni wọ́n, tí ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2005: wọ́n ti yí jíìnì Kras àti p53 padà nínú pankiríàsì wọn, kí jẹjẹrẹ lè hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Gíláàsì àkọ́kọ́ tó yọrí, aró Masson ni mo fi rẹ ẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ṣàpèjúwe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ títí, ó dákẹ́.

"Búlúù yẹn ńkọ́?"

Mo tún wojú ẹ̀rọ. Àṣé búlúù ló gba ilẹ̀ jù, bí àdìrẹ. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kàn tò ṣóńṣó ṣóńṣó sáàárín rẹ̀ ni. Kọ́lájìn ni, fọ́nrán líle tó máa ń di ojú àpá. Òpójẹ̀ inú rẹ̀, tí oògùn ń bá wọlé, ò tó nǹkan.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wó ògiri yìí kí oògùn ráyè wọlé."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti wó o rí. Lọ́dún 2009, oògùn tó dí ọ̀nà Hedgehog, ọ̀kan lára ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, mú búlúù náà fẹ́lẹ́ lára eku KPC. Òpójẹ̀ pọ̀ sí i, oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ gemcitabine ráyè wọlé, ẹ̀mí eku sì gùn díẹ̀ sí i. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò lára aláìsàn, wọ́n dá a dúró ní 2012, torí àwọn tó lò ó ò ṣe dáadáa tó àwọn tí ò lò ó. Ní 2014, ikọ̀ méjì tún ròyìn pé eku tí wọ́n dín ohun tó yí jẹjẹrẹ rẹ̀ ká kù, jẹjẹrẹ náà burú sí i, eku sì tètè kú.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ẹni tó wà nínú ilé náà lè gba ẹnu ògiri jáde. Bí mo bá jókòó ti gíláàsì báyìí, búlúù ni mo kọ́kọ́ ń kà: ibi tó ki, ibi tó fẹ́lẹ́, àti sẹ́ẹ̀lì tó dúró létí ibi tó fẹ́lẹ́.