Kọ́bọ̀ Inú Àkísà

Ọ̀ràn kọ́bọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo bá ìyá mi àgbà tú àpótí aṣọ rẹ̀ nílé wa ní Ìwó. Níbẹ̀ ni mo ti rí okùn tí a fi sín owó àtijọ́ pọ̀: ọ̀nínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀, gbogbo wọn ní ihò láàárín, kí a lè sín wọn bí a ti ń sín owó ẹyọ. Kọ́bọ̀ kan dá wà nínú àkísà. Ihò rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì jẹ lára ìràwọ̀ tí ó wà lára rẹ̀.

Màmá ní kí n sọ ọ́ nù. Ní ọdún 1957 tí wọ́n rán an lọ ra iyọ̀, oníyọ̀ gbé kọ́bọ̀ náà sókè lójú gbogbo ọjà, ó ní ayédèrú owó ni. Nígbà tí ó délé, ìyá rẹ̀ nà án, ó ní ó ti fi kọ́bọ̀ rere ṣe pàṣípààrọ̀.

Èmi pàápàá kọ́kọ́ gbà pé alágbẹ̀dẹ kan ni ó lu ihò náà. Ṣùgbọ́n mo yá dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá, mo sì jókòó tì í. Ọdún 1947 ni a rọ ọ́. Lẹ́tà H ara rẹ̀ sì fi hàn pé ọ̀dọ̀ Heaton ní Birmingham ni ó ti wá. KN ni ti King's Norton. A máa ń kọ́kọ́ lu ihò sí irin pẹlẹbẹ náà kí a tó fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ihò bá yẹ̀, òǹtẹ̀ yóò ṣì tẹ òrùka àárín síbi tí ihò ìbá wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rí: ìlàjì òrùka náà yọ gedegbe lórí irin, etí ihò sì dán bí ti àwọn yòókù. Ẹni tí ó bá lu owó lẹ́yìn tí ó ti jáde kò lè fi òrùka síbẹ̀; etí ihò tirẹ̀ a sì máa họni lọ́wọ́. Bákan náà ni ti ilà: èyí tí ó wú lórí owó, òǹtẹ̀ tí ó sán ni ó fà á, èyí tí ó jìn, a họ ọ́ lẹ́yìn náà ni.

Àwọn ènìyàn a sì máa pe ohun tí kì í ṣe àṣìṣe ní àṣìṣe. Orúkọ Ọba Edward Kẹjọ wà lára kọ́bọ̀ ọdún 1936, bẹ́ẹ̀ ni a kò dé e ládé rí. Ó fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Owó oníhò kò gba àwòrán orí ọba, orúkọ nìkan ni ó wà lára rẹ̀.

Ẹnìkan tí ń ra irú owó bẹ́ẹ̀ dá iye kan lé kọ́bọ̀ náà. N kò ní sọ iye rẹ̀, nítorí ojú ń tì mí pé mo ti ń fi í ka ìwé tí n óò rà.

Mo gbé dígí náà fún Màmá, mo ní, “Màmá, àwọn tí ó rọ ọ́ ni ó ṣe àṣìṣe, kì í ṣe ẹ̀yin.” Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Oníyọ̀ náà ti kú. Ìyá mi náà ti kú.” Lẹ́yìn náà ó dì í padà sínú àkísà, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á.