Ọjọ́ Tí Igi Ṣubú

Tí wọ́n bá gbé pákó dé ọ̀dọ̀ mi, àwọ̀ rẹ̀ kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Mo máa ń gbé e sókè ní igun kan kí n mọ bó ṣe wúwo tó, mo máa ń fi ẹ̀yìn ìka kàn án kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè ìgbà tí wọ́n gé igi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta pákó lóde òní kò ní ìdáhùn sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, kò sí pákó kan ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi tí a kò mọ igbó tó ti wá, ẹni tó ni oko náà, àti oṣù tí igi náà ṣubú. Lójú tèmi, ìtàn iṣẹ́ káfíńtà ní Igbaruku, ìlú wa, wà láàárín ọjọ́ tí igi ṣubú àti ọjọ́ tí ayùn kàn án láti sọ ọ́ di àga.

Ilẹ̀ Yàgbà tí a wà yìí ni igbó ti ń pàdé ọ̀dàn. Nítorí náà ni a fi ní igi ìhà méjèèjì: ìrókò àti ọ̀gánwó níbi tí igbó ti ki, pàápàá létí omi, apá láàárín, àpẹ̀pẹ̀ àti ẹmi níbi tí koríko ti gba ilẹ̀. Iṣẹ́ igi kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀nà kò jìn láti ọ̀dọ̀ wa sí Odò-Ọwá, ìlú Bámgbóyè, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1978, tàbí sí Ọ̀sì, níbi tí Àrẹ̀ógún ti gbẹ́ igi títí ó fi kú ní 1954. Ṣùgbọ́n ohun tí agbẹ́gilére ń fẹ́ lára igi yàtọ̀ sí ohun tí káfíńtà ń fẹ́. Igi tútù ni agbẹ́gilére fẹ́ràn, nítorí pé ó máa ń rọ̀ lábẹ́ àáké. Ère kan, igi kan ni. Bó bá súnkì, gbogbo ara rẹ̀ ni ó jọ súnkì. Àga kò rí bẹ́ẹ̀. Igi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a so pọ̀ láti ṣe é, bí ọ̀kan bá sì súnkì lẹ́yìn tí a ti fi àtè dè é, ó máa fa èkejì ya.

Àwọn míṣọ́n ni wọ́n mú irú iṣẹ́ asopọ̀ báyìí gbilẹ̀ lágbègbè wa. Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, ará Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì nílò bẹ́ǹṣì, ilé ìwé nílò tábìlì, ilé ìwòsàn nílò ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Yàgbà sì kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ ihò sí igi kan kí a fi ahọ́n sí èkejì. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀gá mi ti kọ́ṣẹ́. Èmi náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀gá mi ṣe ń tọ́jú pákó, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gé igi, lẹ́yìn tí òjò ti dá gan-an. Wọ́n máa gbẹ́ kòtò, wọ́n á gbé gẹdú lé e lórí, ọkùnrin kan á wà lókè, ọ̀kan á wà nínú kòtò, wọ́n á jọ máa fa ayùn gígùn lọ sókè sódò. Bó bá jẹ́ ìrókò ni, ẹ̀rù òkúta máa ń bà wọ́n. Ìrókò àgbà máa ń ní òkúta funfun líle nínú, èyí tó máa ń ká eyín ayùn bí wọ́n bá ṣe kàn án. Mo ti fọwọ́ mú un rí, ó tóbi ju ẹyin adìẹ lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá la igi tán ni iṣẹ́ ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kó pákó sábẹ́ àtíbàbà tí atẹ́gùn ń wọ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á fi òkúta gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ikán, wọ́n á sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ àárín pákó kan sí èkejì. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ tò ní orí ìlà kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè; bí ọ̀kan bá yẹ̀, ibẹ̀ ni pákó máa tẹ̀ sí. Ó máa ń fi ọ̀dà kun orí àti ìdí pákó, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde, ibẹ̀ náà ni pákó ti ń kọ́kọ́ là. Ọdún kan fún ínǹṣì kan ni òfin rẹ̀. Pákó tó nípọn ní ínǹṣì méjì gbọ́dọ̀ rí ọyẹ́ méjì kí ó tó wọ inú ṣọ́ọ̀bù. A bínú sí òfin yìí nígbà tí a wà lọ́mọdé, pàápàá bí oníbàárà bá ń mú owó lọ́wọ́. Ọ̀gá mi kì í dá wa lóhùn. Ó máa ń mú wa lọ wo ilẹ̀kùn tó ti ṣe ṣáájú kí wọ́n tó bí wa, ó á ṣí i, ó á tì í.

Apá ni ó fẹ́ràn jù. Kò sí igi tí mo mọ̀ tó ń dúró jẹ́ẹ́ bí apá lẹ́yìn tó bá ti gbẹ. Òjò dé, ọyẹ́ dé, ìwọ̀n rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ láyé àtijọ́ fi ń fi apá tàbí ìrókò tẹ́ ilẹ̀ yàrá òkè. Nínú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ tó ṣì dúró ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yàgbà àti àwọn ìbátan wa, ẹ lè rìn lórí pákó tí ẹsẹ̀ ìran mẹ́ta ti tẹ̀ dán. Lẹ́yìn tí sìmẹ́ǹtì dé, tí táìsì tẹ̀ lé e, iṣẹ́ títẹ́ pákó sílẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́wọ́ wa pátápátá.

Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ló gé àkókò tó wà láàárín ọjọ́ tí igi ṣubú àti ọjọ́ tí ó di àga kúrú. Ẹni kan ṣoṣo lè gé igi láàárọ̀, kí ó là á nínú igbó níbẹ̀, kí ọkọ̀ sì gbé pákó dé Kábbà tàbí Ìlọrin kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú pákó náà máa ń rí gbágungbàgun, àpò oje rẹ̀ sì ṣì kún. Oníbàárà kò mọ̀, ó ń rí àga tuntun tó ń dán. Bí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá fẹ́ lù ú, oríkèé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, àyà ilẹ̀kùn á là. Wọ́n á ní káfíńtà ìsinsìnyí kò mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọṣẹ́. Pákó tútù ni wọ́n fi ṣe é.

Àpẹ̀pẹ̀ ni ó dùn mí jù. Àwọn agégi ń pè é ní Madrid. Igi pupa ni, ó le, ó sì wuyì, inú ọ̀dàn ló ti ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 2013 sí 2018, àwọn oníṣòwò wọ inú igbó Kogí, Kwara, Taraba àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n sì ń kó o lọ sí Ṣáínà fún àga olówó ńlá. Àjọ EIA, tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ àyíká, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2017 pé ó ju gẹdú 1,400,000 lọ tó wọ Ṣáínà láti Nàìjíríà pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́yìn tí igi ti kúrò nílé. Ní 2018, àjọ CITES, tó ń ṣàkóso òwò igi àti ẹranko tó lè parun láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má ṣe rà á lọ́wọ́ wa mọ́. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti mọ̀ pé àpẹ̀pẹ̀ wà ti di kùkùté. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, níbi ìpàdé wọn ní Panama, wọ́n fi apá àti ọ̀gánwó Áfíríkà náà kún àwọn igi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Igi mẹ́ta tí mo fi kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Inú mi dùn pé òfin wà, ṣùgbọ́n òfin kò lè dá igi ọgọ́ta ọdún padà.

Igi tí ènìyàn gbìn ló kù wá kù báyìí. Tíìkì wà, mèlínà wà, akéṣíà náà sì ti dé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbìn ín sí ọgbà ilé ìwé àti etí títì fún ibòji, kò sẹ́ni tó kà á sí igi àga. Ọsirélíà, Papua New Guinea àti Indonesia ni irú tí mò ń wí yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní Vietnam, oko akéṣíà ló kún òkè, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àga àti pákó ilẹ̀ akéṣíà tí wọ́n ń tà káàkiri ayé ti ń wá. Ìbátan rẹ̀ tí àwa mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni bọ̀ọ̀nì, èyí tí àwọn lẹ́kùlẹ́jà ń ta èso rẹ̀ lọ́jà, tí àwọn Haúsá sì ń fi ṣe awọ ní Kánò. Àwọn onígbàgbọ́ náà á rántí igi ṣíttímù tí Bíbélì ní wọ́n fi kan àpótí ẹ̀rí. Ìbátan rẹ̀ ni òun náà.

Obìnrin kan tó ń gbé Àbújá, tó ń kọ́lé sílé níbí, ló kọ́kọ́ bi mí léèrè. Ó kí mi bí a ṣe ń kí ara wa níhìn-ín, ó ní, "Òkun o, Bàbá. Wọ́n ní akéṣíà kì í bàjẹ́. Ṣé ẹ lè fi tẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ mi?" Mo ní, "Ọmọ mi, mo lè ṣe é. Ta ló gé e, ìgbà wo ló gé e?"

Akéṣíà dára. Inú rẹ̀ máa ń pọ́n dúdú díẹ̀díẹ̀, ó wúwo, ó sì le débi pé ènìyàn gbọ́dọ̀ lu ihò kí ó tó fi ìṣó sí i. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kì í sábà tọ́. Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ni pákó rẹ̀ fi kúrú, tí ilé iṣẹ́ sì fi ń lẹ ègé tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra kí wọ́n tó rí èyí tó fẹ̀. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn; pákó tí a lẹ̀ dáadáa kì í yí tó odindi. Ìdí pákó ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí àárín gbùngbùn igi níbẹ̀, bí ojú kékeré tí àwọn ìlà ká mọ́, ẹ dá a padà, ó máa là. Àwọn irú akéṣíà kan tún máa ń jẹrà láti inú wá nígbà tí wọ́n ṣì wà lóòró, èyí sì máa ń dún bíi páálí bí a bá kàn án. Apá ara tó funfun létí pákó ni kòkòrò ń sọ di ìyẹ̀fun. Èmi máa ń gé e dànù.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wọn omi inú rẹ̀. Mo máa ń gé ègé kékeré láti àárín pákó, mo máa ń wọ̀n ọ́n, kí n tó gbé e sínú ààrò búrẹ́dì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì jáde. Mo máa ń yọ ọ́ wọ̀n, mo sì máa ń dá a padà, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bó bá jẹ́ gíráàmù 120 tẹ́lẹ̀, tó sì wá di 100, omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tíì yá. Ní Igbaruku, 12 ni mo ń fẹ́. Fún ilé Àbújá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, ó gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ sí 10 tàbí 8, nítorí ẹ̀rọ yẹn ń fa omi inú igi bí ọyẹ́ ni.

Fún ilẹ̀, mo fẹ́ràn pákó tí kò fẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́rin lọ, kí ìsúnkì rẹ̀ lè pín káàkiri. Sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbẹ dénú, kí a tẹ́ ọ̀rá sí i, kí pákó sì ti sùn nínú yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó kàn án. Mo máa ń fi àyè bí ìbú ìka sílẹ̀ létí ògiri yí ká, igi etí ògiri á bò ó. Ẹni tó bá tẹ́ pákó pinpin nínú ọyẹ́ láìfi àyè sílẹ̀, nígbà tí òjò oṣù keje bá dé, pákó á wú, á sì gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìṣó onírin lásán kò dára fún un, nítorí oje tí àwọn aláwọ ń wá nínú bọ̀ọ̀nì wà nínú akéṣíà náà. Bí omi bá kan ìṣó yẹn, ibẹ̀ á dúdú bíi tàdáwà, kò sì ní í parẹ́ bọ̀rọ̀. Ìdè onídẹ tàbí èyí tí kì í dógùn-ún ni mo ń lò. Níbi tí òjò ti ń pa ilẹ̀kùn ní tààrà, n kò tíì lè fi akéṣíà rọ́pò ìrókò.

Ohun tó mú inú mi dùn sí akéṣíà ni pé ó yá. Ní Vietnam, ọdún 5 sí 7 ni wọ́n ń gé e fún ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ pákó á fi í sílẹ̀ ju ọdún 10 lọ. Káfíńtà tó bá gbìn ín nígbà tó ń gba òmìnira lè fi ṣiṣẹ́ kó tó darúgbó, á sì mọ ọjọ́ tí igi rẹ̀ ṣubú. Mo ti sọ fún obìnrin Àbújá náà pé pálọ̀ rẹ̀ á dúró de pákó. Ẹni tó bá fẹ́ kí n tẹ́ ilẹ̀ ilé òun lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún yìí ni kó wá bá mi.